Nítorí Lílì tí Ìyá Ọkọ Rẹ Hú Dànù

Attécoubé, Abidjan
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kọ́lá ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Má fojú fo ìkíni yẹn. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Rúùtù tó ń ta búrẹ́dì, tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Yopougon, bá mi lẹ́yìn ìsìn lánàá. Ó ní kí n jókòó ná. Ẹni tó bá ní kí n jókòó kó tó sọ̀rọ̀, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló gbé wá. Ó ní ìyá ọkọ rẹ hú gbogbo lílì tí o gbìn síwájú ilé, pé o pariwo lé wọn lórí lójú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, pé o ti di ẹrù rẹ sínú àpótí, pé o ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, o kò sì ní í padà mọ́. Ó ní bí o ṣe rán òun gan-an nìyí: “Dites à maman que je rentre. C'est fini.” Pé kí ó sọ fún mi pé o ń padà bọ̀ wálé, ó ti tán.

Ó rẹ̀ mí, Àbẹ̀ní. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Kì í ṣe pé inú ń bí mi, kì í sì í ṣe pé mo kórìíra kí n rí ọ. Ó rẹ̀ mí ni. Mo délé lánàá, mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mi ò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò kúkú wọ ọkọ̀ gbàkà wá bá ọ, ṣe bí ọ̀nà kò jìn. Bí mo bá fẹsẹ̀ mi tẹ ilé yẹn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó di ẹjọ́ nìyẹn. Wọn á ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìdílé Kọ́lá ní Treichville, èmi náà á ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Adjamé. Àwọn ọkùnrin á wọ agbádá, wọn á yá àga lọ́wọ́ aládùúgbò, wọn á máa wú ikọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lílì á sì di ọ̀rọ̀ ìdílé méjì. Lẹ́tà ní tirẹ̀ kì í kó èrò lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá ń ṣe ọ́ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ láìwọ bàtà. Kà á sókè. Ohun tí ojú rẹ kò bá mọ̀, etí rẹ á dá a mọ̀.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a máa ń fi òsì fà á mọ́ra. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lo òsì. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Èmi ni mo bu gbòǹgbò yẹn fún ọ ní ọjọ́ tí o ń lọ sílé ọkọ, mo sì rí bí o ṣe gbé e lé itan nínú mọ́tò bí ẹni gbé ọmọ. Mo tún mọ̀ pé kì í ṣe lílì nìkan. Láti ìgbà tí ìyá Kọ́lá ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní “ọmọ Abidjan,” pé o kò mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa, pé Yorùbá rẹ ń jáde láti imú. Kọ́lá náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyá Rúùtù ní ó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Vridi dé, o fi ilẹ̀ tó ṣófo hàn án, ó ní, “Koríko lásán náà?” ó sì wọlé lọ jẹun. Bí mo bá wà níbẹ̀, ǹ bá bá a wí. Ohun tó ń dun èèyàn, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kì í pè é ní lásán.

Òsì nìyẹn. Ó ti tó.

O kò bi mí rí bí lílì yẹn ṣe dé ọwọ́ wa. O bá a nílé ni, o rò pé ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ọ̀sà. Nígbà tí bàbá rẹ kó mi wá sórí òkè yìí, ìyàwó tuntun ni mí. Mi ò gbọ́ Faransé, mi ò gbọ́ Jùlá, mi ò mọ ẹnì kankan. Láàárọ̀, bàbá rẹ á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà Adjamé, èmi á kù nílé, èmi á máa wo omi. Obìnrin kan ṣoṣo tó ń gbọ́ èdè mi ni Ìyá Àjàṣẹ́. Ará Dàhòmì ni, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, aṣọ àwọn sista ìjọ Àgùdà kan ló ń fọ̀ jẹun. Lọ́jọ́ kan ó gbé nǹkan kan wá tó fi àkísà tútù wé. Mo rò pé oúnjẹ ni. Ó tú u, mo rí gbòǹgbò tó sanra bí ìka ọmọ ọwọ́, pẹ̀lú ewé tí wọ́n gé kù díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó ní, “Gbìn ín. Ó yẹ kí ìwọ náà ní nǹkan tí wàá máa wò láàárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sà.”

Mo bi í pé ṣé ewé rẹ̀ ni wọ́n ń sè ni àbí gbòǹgbò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Má dá mi lẹ́bi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohun tí a kì í jẹ, tí a kì í fi ṣe àgbo, a kì í gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà. Iwájú ilé, gbígbá ni à ń gbá a, tí ilẹ̀ á fi mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, wàá rí i. Rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí èmi á padà sórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo gbé e fún ọ láìkọ́ ọ, àṣìṣe tèmi nìyẹn, ara ìkánjú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ibi tí ọ̀rọ̀ lílì bá ti kan ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ìwọ fúnra rẹ yà á sọ́tọ̀. Mo ti darúgbó jù láti máa pín wọn.

Èkíní, má rì í jù. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ohun tó bá ní gbòǹgbò tó sanra, iṣu ni lójú mi. Mo kọ ebè fún lílì, Àbẹ̀ní. Mo kọ ebè gidi, mo bò ó mọ́lẹ̀, mo sì fi ewé gbígbẹ dé e lórí kí oòrùn má bàa pa á. Bàbá rẹ dé láti ọjà, ó wò ó, ó ní ìgbà wo ni a máa wú u, kí òun lè lọ ra epo sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wo ebè, ebè náà ń wò mí. Ìyá Àjàṣẹ́ ló wá wó o palẹ̀. Ó fi hàn mí pé ọrùn rẹ̀, níbi tí ewé ti pàdé gbòǹgbò, kò gbọdọ̀ jìn sílẹ̀. Ó fẹ́ máa gbọ́ ohun tó ń lọ lókè. Tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lára díẹ̀, bu omi sí i, kí o fi í sílẹ̀. Ìwọ náà, má rì ara rẹ mọ́lẹ̀ nínú yàrá. Láti ìgbà tí o ti délé yẹn, Ìyá Rúùtù ní bí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́, o ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Báwo ni ìyá ọkọ rẹ yóò ṣe mọ̀ pé lílì ni o gbìn, nígbà tí o kò tíì jókòó tì wọ́n rí?

Èkejì, má bọ́ ọ ní àbọ́jù. Nígbà tí mo rí i pé ó yè, inú mi dùn, mo ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i lẹ́sẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ewé rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì yọ òdòdó kan. Díẹ̀ ló ń fẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ọkọ rẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Má máa fún un ní gbogbo nǹkan kó tó béèrè, kó má bàa jẹ́ pé ewé ni wàá máa rí.

Ẹ̀kẹta, wo àwọn tí o gbìn ín sáàárín wọn. Lílì kì í fẹ́ dá wà, òdòdó rẹ̀ kò pẹ́, ilẹ̀ á ṣófo ní ìgbà tí kò bá tanná. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lè bá gbé. Mo kọ́kọ́ gbin ìdò síwájú rẹ̀. Ìdò ga, ewé rẹ̀ fẹ̀, kò ju oṣù díẹ̀ lọ tó fi bo lílì mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo kó ìdò lọ sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, kí ó máa ga níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo fi ewúro sí igun. Mo fi koóko ọba sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó máa di ilẹ̀ mú nígbà òjò, nítorí òkè yìí kì í pẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀sà. Mo fi ẹfinrin síwájú níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Tannápòṣó ni mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ lílì gan-an, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni òun máa ń là, nígbà tí lílì bá ti ń pa ojú dé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sí ìgbà tí ilẹ̀ mi kò ní ohun tó là. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ti wà nínú ilé yẹn ṣáájú rẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ó ga. Má bá a du iwájú. Wá ibi tí oòrùn ti ń kàn ọ́, kí o dúró síbẹ̀.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Omi ìfọṣọ, má dà á sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í fẹ́ gbé omi dé ibi gọ́tà. Ibi tí omi òjò bá ti ń dúró, má gbìn ín síbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, o kò sì ní í mọ̀ títí ìwọ á fi fọwọ́ kàn án tí á bá ọ lọ́wọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, èyí tó ti rọ, ká a kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó kọ́kọ́ tanná fún mi, mo rò pé mo ti pa á ni. Láàárọ̀ ó là, ó pọ́n bí ìyeyè tó bọ́ lórí igi, obìnrin ará Baoulé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Nírọ̀lẹ́, ó ti rọ. Mo bomi rin ín, mo gbé àtẹ bò ó, mo bẹ̀ ẹ́. Kò dá mi lóhùn. Mo jókòó tì í, mo sunkún, obìnrin Baoulé náà ń sọ fún mi pé “yako, yako,” èmi kò sì mọ̀ nígbà náà pé “pẹ̀lẹ́” ló ń wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òmíràn ti là lórí igi kan náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ní láyé. Èyí tó bá rọ, tí o bá fi sílẹ̀, ó máa lẹ̀ mọ́ èyí tó fẹ́ là, á sì dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, láràárọ̀ ni mo máa ń ká tàná dànù. Èmi àti bàbá rẹ, a kì í ṣe ẹni tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ìjà tí a bá jà lónìí, kì í bá wa jẹun ọ̀sán ọ̀la.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ọ tí mi ò sọ fún ọ rí, nítorí pé ìwọ náà wà nínú rẹ̀, o kàn kéré jù ni.

Nígbà tí mo bí ọ, ìyá bàbá rẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa wẹ̀ ọ́ fún mi, bí ìyá ọkọ ti í ṣe. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Bí wọ́n ti dé, wọn ò sinmi, wọ́n gbé ọ lé ẹsẹ̀, wọ́n ní orí bàbá wọn ni o gbé wá. Kò pẹ́ sígbà náà, ara rẹ gbóná. Bàbá rẹ wà lọ́jà. Ìyá Àgbà ní òun á se àgbo. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bọ́ síta. Koóko ọba ni wọ́n ń wá, ìyẹn citronnelle tiyín. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ewé méjèèjì sì jọra, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n gé lílì mi mọ́lẹ̀ pátápátá, àti èyí tó là àti èyí tó kù díẹ̀ kó là, wọ́n sì rọ ọ́ sínú ìkòkò.

Inú yàrá ni mo wà, wọn kò tíì gbà mí láyè kí n jáde. Mo ń retí òórùn àgbo náà, òórùn kò wá. Mo yọjú, mo rí ilẹ̀ tó pá. Mo rí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń léfòó nínú ìkòkò lórí iná.

Mi ò pariwo, ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ nìyẹn. Èmi ṣe èyí tó burú ju ariwo lọ. Mo dákẹ́. Wọ́n á gbé ògì gbígbóná wá, èmi á ní mo ti yó. Wọ́n á ní kí n jẹ́ kí àwọn bá mi fi omi gbígbóná tẹ ikùn, èmi á ní ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n bi mí ohun tí àwọn ṣe, mo ní kò sí. Ìgbà tí wọ́n wá mọ̀, láti ẹnu bàbá rẹ, wọ́n wá síwájú mi, wọ́n ní, “Ìyàwó, ewé ni mo gé, n kò gé ọwọ́ ọmọ.” Ìyẹn tún wá bí mi nínú sí i. Ọ̀rọ̀ tí Kọ́lá sọ fún ọ ni, kò sí ìyàtọ̀. Koríko lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń wẹ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé. Wọn kò mọ̀ pé mo wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń bu omi sí ọ lára. Wọ́n ní, “Àbẹ̀ní, bá mi bẹ ìyá rẹ. Sọ fún un pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mi ò fẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé ojú ti ń lọ, kí ó má bàa ní mi ò lè tọ́jú ọmọ mọ́.” Ìwọ ń sunkún omi, o kò gbọ́. Èmi gbọ́. Mo dúró níbẹ̀, ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fi ara sí.

Síbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Èèyàn tó bá ti dákẹ́ pẹ́, ẹnu rẹ̀ máa ń wúwo. Ìyá Àjàṣẹ́ ló yọ mí. Ó wá kí ọmọ, ó rí ilẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní lílì náà ti fún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé ó yẹ kí á pín in. Ó mú ọkọ́, ó wú gbogbo rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ ya á sí méjì, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò. Ó fún mi ní apá kan. Ó gbé apá kejì lọ bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ bá wa gbin èyí. Ọwọ́ yín ló tutù jù nínú ilé yìí.”

Wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro. Láti ọjọ́ náà, ewúrẹ́ kan kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé wa kọjá. Wọ́n á ti inú yàrá máa pariwo pé, “Ta ló wà nídìí lílì mi?” Lílì tiwọn nìyẹn o, kì í ṣe tèmi mọ́. Ó ti hù padà kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rá, tèmi àti tiwọn, bí ẹni pé ọ̀bẹ kò kàn án rí. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi àkísà tútù wé e, wọ́n gbé e sí àyà. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, lọ sin òkú wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó dé, mo ń retí kó sọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Lílì wà lẹ́bàá ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé balùwẹ̀.”

Mo gbé lẹ́tà yìí tì fún ìgbà díẹ̀, mo lọ mu omi. Ọwọ́ ń ro mí.

Ìyá Kọ́lá ló kù. Mo bi Ìyá Rúùtù ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìgbà wo ni wọ́n hú u? Ó ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ó rò pé mo béèrè kí n lè dá wọn lẹ́bi ni. Àbẹ̀ní, rántí ohun tí mo sọ fún ọ nípa iwájú ilé. Ní ibi tí obìnrin yẹn ti wá, tó jẹ́ ibi tí èmi náà ti wá, bí koríko bá hù sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó tuntun, ìyàwó náà ni wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn á ní ọ̀lẹ ni, wọn á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Obìnrin àgbà yìí jí, ó rí ewé gígùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn rẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u kí àwọn aládùúgbò tó jí rí i. Bí ó bá fẹ́ dójú tì ọ́, ọ̀sán gangan ni ì bá dúró dè, ì bá sì pè ọ́ kí o wá hú u. Ìtìjú rẹ ló ń bò. Wọ́n lè máa fi Yorùbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kì í ṣe ẹni pípé, àmọ́ ní ìdájí ọjọ́ yẹn, ìyá ni wọ́n ṣe fún ọ.

Ìwọ wá jáde, o rí i, o ní, “Elle est folle ou quoi?” pé ṣé orí wọn ti dàrú ni. Ìyá Rúùtù kò fẹ́ sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo fà á yọ lẹ́nu rẹ̀. O lè sọ pé wọn kò gbọ́ Faransé. Wọ́n gbọ́ ojú rẹ. Àwọn tó dúró tì yín gbọ́ Faransé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Obìnrin tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà lẹ́nu ọ̀nà ọmọ ara rẹ̀ lè ní òun fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ́lá á sì rántí ẹni tó lé e.

Bó bá jẹ́ pé Kọ́lá gbé ọwọ́ sókè sí ọ, tàbí pé ebi ń pa ọ́ nílé yẹn, má dúró di Sátidé. Máa bọ̀ lóru, máa bọ̀ láìwọ bàtà. Ibùsùn rẹ wà níbẹ̀, mi ò tíì fi ṣe ibi ìkẹ́rù. Àmọ́ bó bá jẹ́ nítorí ohun tí ọwọ́ àgbà ṣe láìmọ̀, mi ò ní agbára láti bá ọ gbé ẹjọ́ yẹn. Mo ti tú ìgbéyàwó yìí ká lórí ibùsùn mi láti àná, mo ti tún un dì, kò sì sí ibi tí mo ti rí i pé ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó yẹ kí o mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ nìkan ni mo ní nílùú yìí. Bí o bá padà wá, inú mi á dùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn òjò, mo jáde lọ wo lílì tó kù. Ó ti fún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, mi ò pín in mọ́. Òdòdó rẹ̀ ti ń kéré, ewé ti pọ̀ ju òdòdó lọ. Mo gbìyànjú láti wú u fúnra mi, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi kọ̀, mi ò lè dìde. Obìnrin Baoulé ló wá fà mí sókè, òun náà ti darúgbó, àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú síbẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò bá mi wú u.

Nítorí náà, máa bọ̀ ní Sátidé bí o ti sọ. Àmọ́ kí ó tó di ọjọ́ náà, tú àpótí rẹ palẹ̀, kí o fi aṣọ rẹ kọ́ síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bá ìyá Kọ́lá. Kúnlẹ̀, má ṣe ti ọmọ Abidjan, fi orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá, bó ti wù kó rí lẹ́nu rẹ. Sọ fún wọn pé èmi ìyá rẹ kí wọn, pé mo ní ewéko kan tó ti kún jù níwájú ilé, pé mo ti ń di arúgbó, mo sì ń bẹ ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wá bá mi wú u, nítorí ọwọ́ ará ilé ni mo fẹ́. Má sọ nǹkan mìíràn kún un. Èmi á se ọbẹ̀ ewúro, èmi á sì sọ fún wọn bí mo ṣe kọ ebè fún un, kí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín dípò ìwọ.

Jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yan èyí tó bá wù wọ́n. Bí ẹ bá délé, má ṣe bá wọn fọwọ́ kan ọkọ́. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbìn ín sí ibi tó bá dára lójú wọn níwájú ilẹ̀kùn rẹ, kí o sì máa bu omi tẹ̀lé wọn.

Fi àpótí sílẹ̀ sí Yopougon, Àbẹ̀ní. Ìyá ọkọ rẹ ni kí o mú wá, pẹ̀lú abọ́ tó fẹ̀ àti àkísà tútù.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń retí ẹ̀yin méjèèjì.